Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ 11 Tó Wà Nílẹ̀ Ìbàdàn: Ẹ Bá Wa Ṣí Ojúde fún Àwọn Àgbà

Ẹ̀yin alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin 5 tẹ́ ẹ wà láàrin ìgboro, àti ẹ̀yin 6 tẹ́ ẹ wà ní Àkínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Agbègbè Monátàn ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti ìyá tó bí mi. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 81.

Láràárọ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń ti géètì mọ́ ìyá mi. Àgádágodo ni mo fi ń tì í, láti ìta. Kí n tó jáde, màá gbé oúnjẹ sínú kúlà fún wọn, màá pa gáàsì, màá yọ orí rẹ̀ sínú báàgì mi, màá sì tan rédíò sílẹ̀ kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Bí mo bá ṣe ń rìn lọ sójú títì ni màá máa gbọ́ tí wọ́n ń mi géètì náà, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ti kú láti 1998. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn yẹn ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Nítorí àgádágodo yẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ má bínú sí mi kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Aṣọ ni ìyá mi tà ní Gbági. Lórí ni wọ́n máa ń ṣírò ọ̀pá ánkárá, wọn kì í mú bírò. Wọ́n mọ gbèsè tó wà lọ́rùn oníbàárà bí ogójì láìwo ìwé. Iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, a sì rò pé ọjọ́ ogbó lásán ni. Wọ́n á bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí ìrẹsì tó jinná. Wọ́n á fi owó sábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n á ní àwọn ọmọ mi ló jí i. Ìgbà tó yá, wọn ò lè ka iye ọmọ tí wọ́n bí mọ́.

Mo gba ọmọ ọ̀dọ̀, ó lọ. Mo gba ìkejì, ó lo oṣù méjì. Ẹni tí mo fẹ́ gbà kẹ́yìn, owó tó ní kí n máa san lóṣù ju ìdajì owó oṣù mi lọ. Nígbà tí kò sí ẹnì kankan mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀ nílé láwọn nìkan, láìti ilẹ̀kùn, torí ojú ń tì mí láti ti ìyá mi mọ́lé. Lọ́jọ́bọ̀ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, n kò bá ẹnì kankan nílé. Iná wà lábẹ́ ìkòkò, omi inú rẹ̀ ti gbẹ.

Abẹ́ bíríjì Ìwó Róòdù la ti rí wọn nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Wọ́n ń wá mọ́tò tó ń lọ sí Gbági. Gbági àtijọ́ ni wọ́n ń wí, ti òpópónà Lebanon, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà kí àwọn aláṣọ tó kó lọ sí Gbági tuntun. Èrò ti pé lé wọn lórí. Obìnrin kan ti ń bi wọ́n pé irú ìyá wo lèyí tí kò mọ ọ̀nà ilé ẹ̀, ta ló rán an, kí ló wá ṣe. Ẹ mọ ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Ọkùnrin kan tó ń lẹ taya lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló fà wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, tó ra omi ọlọ́rá fún wọn, tó sọ fún èrò pé kí oníkálukú máa lọ, ìyá òun ni. Kò rí wọn rí láyé rẹ̀. Mo ń gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn títí dòní.

Gbogbo wa la mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá arúgbó tí wọ́n bá bá níbi tí kò yẹ kó wà, tí kò sì lè sọ bó ṣe débẹ̀. Wọ́n á ní ẹyẹ ló já bọ́. Wọ́n á ní kó jẹ́wọ́. Àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rántí ìyẹn, òkúta á ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ìdí tí mo fi ra àgádágodo nìyẹn, lọ́jọ́ kejì gan-an.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí, tí kì í ṣe gómìnà? Iṣẹ́ yín ni. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, ìlà kan wà tó ní kẹ́ ẹ dá itẹ́ òkú sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa tọ́jú wọn, kẹ́ ẹ sì dá ilé sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn tí ara wọn ò gbé kánkán mọ́. Ìlà kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Itẹ́ òkú kò ṣòro rí ní Ìbàdàn. Apá kejì ìlà náà ni mò ń bi yín. Abala 16 ìwé òfin yẹn tún dárúkọ ìtọ́jú ọjọ́ ogbó pẹ̀lú oúnjẹ àti ilé gbígbé, pé kí ìjọba rí sí i fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá mọ́, tààrà ni kó máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin gan-an yọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa náà bá yín yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń fẹ́ kó yé yín dáadáa, torí mo mọ̀ pé ilé arúgbó lẹ ti ń rò. Kì í ṣe ilé arúgbó. N kò ní kẹ́ ẹ bá mi gba ìyá mi, kí n máa wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ọsàn. Ilé mi ni wọn yóò máa sùn, ọwọ́ mi ni wọn yóò máa jẹ oúnjẹ alẹ́. Ojúmọmọ nìkan ni mò ń tọrọ. Kí ibì kan wà tí mo lè mú wọn lọ ní aago 8 àárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí màá padà lọ mú wọn ní aago 4. Bí àwa òṣìṣẹ́ ṣe ń mú ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Àgbà tí iyè rẹ̀ ti rà kì í ṣe ọmọdé. Ó ti bímọ, ó ti sin òbí rẹ̀, ó ti san owó orí. Bí orúkọ ibẹ̀ bá dójú tì í, kò ní í tẹ̀ lé ẹ lọ. Èmi á pè é ní Ojúde Àgbà.

Kí n sọ ìdí tí mo fi yan orúkọ yẹn. Agbo ilé kan nítòsí Ọjẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣarán. A máa ń ní “Bàbá ti ń ṣarán”, kò sì sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí èébú. Ojúde ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ta ayò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyàwó ilé kan ń gbé ẹ̀kọ tútù fún wọn, ọmọ kan ń fẹ́ eṣinṣin lára wọn. Bí wọ́n bá dìde tí wọ́n doríkọ ọ̀nà ọjà, alákàrà tó wà níwájú ilé ló máa ń kígbe pé, “Bàbá, ẹ ò tíì mu ẹ̀kọ yín o!” wọ́n á sì yí padà. Ojú bí ogójì ló wà lára wọn lójúmọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, kò sí àgádágodo.

Agbo ilé yẹn ṣì wà, àmọ́ ògiri méjì ti wó, àwọn tó kù níbẹ̀ kò ju ọwọ́ kan lọ. Àwa ọmọ ibẹ̀ ti fọ́n ká sí Olódó, Àkóbọ̀, Mọníyà, Èkó àti London. Yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé, fẹ́ńsì gíga sì wà láàrin wa àti aládùúgbò. Ní aago 9 àárọ̀, àdúgbò wa a máa dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Gbogbo ọmọ wà nílé ìwé, gbogbo àgbàlagbà wà níbi iṣẹ́, àfi àwọn ìyá àti bàbá wa tí a tì mọ́ inú ilé. Mo ti ka márùn-ún ní òpópónà wa nìkan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi nìkan kọ́ ló ní àgádágodo.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété ní láti jáde lọ jẹ kí wàrà tó lè wà lọ́mú rẹ̀. Mo ti gba kúẹ́rì méjì níbi iṣẹ́ nítorí pípẹ́ dé. N kò jiyàn, ọmọ 47 ló ń dúró dè mí ní kíláàsì. Obìnrin kan tí a jọ ń jọ́sìn fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, torí ìyá ọkọ rẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà: ọmọbìnrin, ìyàwó ọmọ, àtàwọn ọmọ-ọmọ lóbìnrin tí wọ́n ń yọ kúrò nílé ìwé kí wọ́n lè wá jókòó ti màmá àgbà. Irú wọn wà nínú kíláàsì mi, mo sì mọ ìdí tí àga wọn fi ń ṣófo lọ́jọ́ ọjà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ń fowó ránṣẹ́. Wọ́n ń pè lórí fídíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi á gba fóònù náà, wọ́n á yí i wò lẹ́yìn, wọ́n á bi mí pé ta ló há sínú ẹ̀. Owó wúlò, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà tó ti pé ẹni ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011, ọ̀pọ̀ ìdílé ló dúpẹ́. Àmọ́ owó kò lè jókòó ti ènìyàn. Kò lè dá ìyá mi padà lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ bọ́ sínú irú wàhálà yìí. Ní San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àdúgbò kan wà tí àwọn Ṣáínà pọ̀ sí. Wọn ò fẹ́ gbé òbí wọn lọ sílé arúgbó tó jìnnà, níbi tí ẹnì kankan kò ti gbọ́ èdè wọn, tí oúnjẹ ibẹ̀ kò sì bá wọn lẹ́nu mu. Ìtìjú tí àwa Yorùbá ń rò yìí gan-an ni wọ́n rò. Ní 1973, wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú ojúmọmọ kan láàrin àdúgbò wọn, wọ́n pè é ní On Lok. Àwọn àgbà ń wá láàárọ̀, wọ́n ń jẹun wọn, wọ́n ń rí nọ́ọ̀sì àti dókítà, wọ́n ń padà sílé lálẹ́. Ibẹ̀ ni ètò ìtọ́jú àwọn àgbà tí Amẹ́ríkà ń pè ní PACE, tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tí kò fẹ́ ju òbí wọn nù ló gbé e kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò bá àṣà ọmọlúàbí mu, ẹ rántí wọn.

Ó tún ku gbèsè kan tí Ìbàdàn jẹ. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Unifásitì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀súntòkun tó ti dolóògbé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Ìdíkàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà Ìdíkàn gbà wọ́n lálejò. Wọ́n dáhùn ìbéèrè, wọ́n jẹ́ kí wọ́n yẹ iyè wọn wò, ọdún gorí ọdún. Ní 2001, èsì jáde: nínú 100 àgbà tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè, iye tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò ju 1.35 lọ, nígbà tó jẹ́ 3.24 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Gbogbo àgbáyé ló ka ìròyìn yẹn. Inú èmi náà dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ó kéré nínú wa, kì í ṣe pé kò sí. Wọ́n rí i ní Ìdíkàn, wọ́n kà á, wọ́n fún un lórúkọ, kò sì sí àjẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà yẹn fi orí wọn kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Kí la fún àdúgbò wọn?

UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, èyí tí wọ́n fi sọrí Olóyè Tony Anenih, láti 2012. Ohun ìwúrí ni. Àmọ́ ilé ìwòsàn ni ilé ìwòsàn. Ẹni tí dókítà bá ti yẹ̀ wò yóò padà sílé. Dókítà tó rí ìyá mi sọ fún mi pé oògùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ dá iyè wọn padà, pé ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni kí wọ́n máa rí ènìyàn, kí wọ́n máa rìn, kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà níkàáwọ́, kí ọjọ́ wọn sì ní ètò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ń rò pé níbo ni màá ti ra èyíinì.

Ohun tí mo rí nílé nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kó ìró mi sílẹ̀ láti sá a. Ìyá mi wá jókòó tì mí. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi apá wọn wọ̀n ọ́n láti àyà dé orí ìka, wọ́n ká a, wọ́n tẹ́ ojú rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n mú òmíràn. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi ká aṣọ. Wọn ò pe òkú kankan, wọn ò mi géètì. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n má tà á dín iye o. Iyè wọn ti rà, ìka wọn kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ ní Ojúde Àgbà. Kí aláṣọ máa ká aṣọ. Kí àgbẹ̀ rí ebè díẹ̀ lẹ́yìn ilé tí yóò máa bomi rin. Kí ẹni tó bá fẹ́ bó ẹ̀gúsí bó ẹ̀gúsí. Kí ọpọ́n ayò wà, kí rédíò wà, kí Mùsùlùmí rí ibi kírun, kí onígbàgbọ́ kọ orin rẹ̀. Kí wọ́n tilẹ̀ máa pe àwa tíṣà láti kó ọmọ wá gbọ́ oríkì, torí mo mọ àwọn ìyá tí kò lè sọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí wọn yóò ki ọ́ débi tí omi yóò bọ́ lójú rẹ.

Kò ní ná yín ní owó tó kọjá agbára. Ẹ má kọ́ ilé tuntun. Ẹ ní gbọ̀ngàn tí ẹnì kankan kì í lò láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ àtijọ́ tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ilé tí kò ní àtẹ̀gùn ni kẹ́ ẹ wá, tó ní omi, tó sún mọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín, kí nọ́ọ̀sì lè rìn wá láàárọ̀ wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó sì wo ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ fi irin ìdìmú sára ògiri ilé ìtura, torí ibẹ̀ ni àgbà ti máa ń ṣubú. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nílùú yìí, tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò máa ṣe. Àwọn àgùnbánirọ̀ ń bọ̀ lọ́dọọdún, àwọn mìíràn nínú wọn kàn ń jókòó sí ọ́fíìsì yín ni. Unifásitì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ìrànwọ́ aráàlú. Ẹ pè wọ́n. Ẹ gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwa tá a lè san, ẹ fi tọ́jú àwọn tí ọmọ wọn kò ní. Mo ṣetán láti san.

Ohun kan wà tí n kò ní rọra sọ. Ẹni tó bá na àgbà, tàbí tó dè wọ́n mọ́ àga kó lè rójú tẹ fóònù, lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ lé e. Kí àwa ọmọ lè wọlé nígbàkigbà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì fi fọ́tò yín kan ògiri ibẹ̀, ẹ má bi ìyá ẹnikẹ́ni ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó dìbò fún.

Bí 11 bá pọ̀ jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pọ̀, ẹ ṣe mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ní ti géètì kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, èmi fúnra mi yóò wá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo ti bá tíṣà mẹ́ta sọ ọ́, wọ́n ní àwọn náà yóò wá.

Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni mo fi kọ èyí tó kù yìí. Aago ti ń lù, mo ní láti padà sí kíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà nínú báàgì mi, ó sì ku wákàtí méjì àtààbọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan ní Monátàn, Ìbàdàn